Ẹsẹ̀ Moselantja àti Ìkòkò Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ wọ abúlé Ha Rantšo lóṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òtútù ti ń bu ènìyàn jẹ ní ìdájí, ilé tí elégédé pọ̀ jù lórí òrùlé rẹ̀ ni ilé ’Mapaballo. Ilé tó tẹ̀lé e, tí elégédé kò tó nǹkan lórí tirẹ̀, tèmi ni. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wí lẹ́yìn mi pé ìlara ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìlara wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ọdún kan náà ni wọ́n gbé àwa méjèèjì níyàwó wá sí abúlé yìí. Láti ìgbà náà la ti jọ ń pọn omi, tí a jọ ń jà, tí a sì jọ ń sin òkú. ’Mapaballo kúrú, ó lágbára, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ilé bó bá ń bọ̀ láti odò. Adìyẹ, ewúrẹ́, olórí abúlé, ohùn kan náà ló fi ń bá gbogbo wọn wí. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ti ń ṣe jẹ́jẹ́. Kò sí obìnrin tó mọ oúnjẹ ìgbà ìkórè bíi tirẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè wa. Ó lè fọwọ́ kan elégédé kó sọ fún ẹ bóyá yóò dùn tàbí yóò dà bí omi lásán. Ọkọ rẹ̀ tó kú síbi iṣẹ́ kùsà ní South Africa máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ọbẹ̀ ìyàwó òun ló ń fa òun wálé, kì í ṣe ìyàwó òun. ’Mapaballo á fi ìgbákọ lé e jáde, àwa tó kù á sì máa rẹ́rìn-ín.

Orúkọ ọmọ tó kú ni gbogbo wa fi ń pè é: ìyá Paballo. Paballo ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù kan láyé nígbà tí òtútù ńlá fẹ́ já lu ọkà bàbà lóko, ọkọ rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́. Ó pọ̀n ọmọ tuntun náà, ó lọ kórè. Ikọ́ mú ọmọ, kò sì rí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Lójú òkú ọmọ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ síta pé, “Ẹsẹ̀ rẹ lo fi pa á.” Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú ’Mapaballo bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé sí i lára, mo sì mọ̀ pé kò ní jáde mọ́. Nígbà tó tún bí obìnrin, ó sọ ọ́ ní Moselantja, ìrù ajá, kí ikú lè wò ó títí kó sọ pé kí ni òun fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ikú fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó lọ sílé ọkọ.

Nílé ìyá ẹni la ti ń bí àkọ́bí. Nítorí náà, nígbà tí oyún Moselantja pé oṣù méje, ó padà wá bá wa. Ọkọ rẹ̀, Tšepang, wà lókè òkun kékeré yẹn tí a ń pè ní ààlà South Africa, níbi tó ti ń bá àwọn òyìnbó rẹ́ irun àgùntàn. Ọmọ dé sílé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dùn ún wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti yọ síta lára rẹ̀ láti kókósẹ̀ dé ìtan, ó lọ́, ó ta kókó, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú.

Ó bímọ ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lódìkejì odò. Èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Refiloe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọmọ abúlé wa ni Refiloe, àwa la nu imú rẹ̀ fún un, nítorí náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa.

“’M’e ’Mapaballo, ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ló wí. ’M’e ni a fi ń pe ìyá ní ilẹ̀ wa. “Àárẹ̀ ti mú iṣan ẹsẹ̀ ọmọ yín. Oyún ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ìgbà ìkórè la wà, oúnjẹ tó dára fún iṣan kún ilẹ̀. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ fún un ní ọkà bàbà tí ẹ ò bó èèpo rẹ̀ tán, elégédé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kù lóko, àlùbọ́sà. Ẹ po omi èso ẹ̀gún, èyí pupa tó ń so ní etí àfonífojì, fún un, kó máa mu ún. Kó mu omi dáadáa, kí ìgbẹ́ má le fún un, torí pé bó bá ń fún ara pọ̀, iṣan náà á tún máa wú.”

“Ìyẹn ò ṣòro,” ni ’Mapaballo dáhùn. Ojú rẹ̀ ti tàn. “Ìyẹn ò ṣòro rárá.”

“Mi ò tíì parí, ’M’e. Kó máa rìn. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Bó bá jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ náà lé nǹkan. Oúnjẹ lè ran iṣan lọ́wọ́, kò lè bá a rìn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn ún, kí ẹ má ṣe dúró wo ohunkóhun. Ẹ gbé e wá.”

’Mapaballo gbọ́ ti ẹnu, kò gbọ́ ti ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya odi. Bí Refiloe ti sọ pé “kó máa rìn,” mo rí i tí ojú rẹ̀ ṣí kúrò lára nọ́ọ̀sì lọ sára ògiri, tí ẹnu rẹ̀ ń ka elégédé.

A wọ ọkọ̀ padà. A jókòó sílẹ̀ níta títí oòrùn fi wọ̀, kí ẹsẹ̀ wa lè tutù, nítorí pé ẹni tó bá ti ọ̀nà jìn dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ gbígbóná kì í sì í wọlé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ’Mapaballo fi ọ̀pá eèsún odò sókè ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé abiyamọ wà nínú ilé. Ó ti ìyá àti ọmọ wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ibẹ̀ ni ọmọ á wà títí yóò fi gbó díẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìyá ọmọ á wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà, mo sì gbádùn rẹ̀, mo sùn bí ẹni pé wọ́n san owó fún mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò ta kókó.

Láti ọjọ́ kejì ni iná kò ti kú mọ́ lẹ́yìn ilé yẹn.

“’Malineo!” ó ké sí mi lórí odi. “Ìwọ tí o ò níṣẹ́, lọ ká èso ẹ̀gún wá fún mi.”

“Ta ni ò níṣẹ́?”

“Ìwọ ni. Bó o bá níṣẹ́ ni, ṣé elégédé mẹ́rin ni ì bá wà lórí òrùlé ẹ?”

“Mẹ́rin mi dùn ju ogójì ẹ lọ.”

“Gbé ọ̀kan wá ká tọ́ ọ wò, òpùrọ́. Mú àpò méjì dání, má sì ká èyí tó ṣì le. Èyí tí òtútù ti bù jẹ díẹ̀ ni kó o ká.”

Mo lọ. Gbogbo etí àfonífojì ló pupa fún èso ẹ̀gún lákòókò yẹn, ọwọ́ mi sì kún fún ẹ̀jẹ̀ kí àpò tó kún. Lójú mi ló ṣe tọ́jú rẹ̀. Ó là wọ́n sí méjì, ó fi ṣíbí kékeré yọ kóró inú wọn àti irun wẹ́wẹ́ tó yí kóró náà ká, nítorí pé irun yẹn máa ń yún ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni gbé wèrèpè mì. Ó ṣan wọ́n. Ó gbé omi kaná, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi díẹ̀, ó ní omi tó bá ṣì ń hó á pa adùn àti agbára èso náà. Ó da omi lé e, ó dé e títí tó fi pupa bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó sì fi aṣọ funfun tó ṣẹ́ po sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Oyin díẹ̀ ló fi sí i. Nígbà tó fún mi mu, mo gbàgbé gbogbo ẹ̀gún tó gún mi. Mi ò sọ fún un.

Ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni ó fi ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Á rẹ méjèèjì mọ́jú. Á gún ọkà bàbà náà fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀nba kí èyí tó le jù nínú èèpo lè bọ́, á sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀wà kaná kí ọkà tó bá a. Wọ́n á jọ jinná títí ẹ̀wà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, á sì gé àlùbọ́sà púpọ̀ sí i nígbà tí iná bá ti ń relẹ̀. Iyọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, elégédé ni, tòun ti èèpo rẹ̀, tí ó fi omi díẹ̀ sè títí omi náà fi gbẹ, tí ó sì fi ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, ògì ọkà bàbà tó kan dáadáa. Ẹni tó bá ní oúnjẹ kan dára ju ìyẹn lọ fún abiyamọ, kó wá bá mi jà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Dúdú ẹsẹ̀ náà rọ̀ díẹ̀, ìgbẹ́ kò le, ọmú kún. ’Mapaballo ń rìn káàkiri àgbàlá bí olórí ogun. “Ẹ rí i?” ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. “Ìkòkò mi ni dókítà.”

Èmi nìkan ló máa ń jẹ́ kó wọlé, nítorí pé orúnkún mi kì í jẹ́ kí n lọ jìn mọ́, ẹsẹ̀ mi sì tutù bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Nítorí náà èmi nìkan ni mo mọ bí inú ilé yẹn ti rí. Yàrá roboto kan ni, fèrèsé rẹ̀ kò tó ojú àwo, wọ́n sì ti fi àpò dí i nítorí òtútù. Èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí a fi ń dáná kò rí ibi jáde. Moselantja jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ wà láyà rẹ̀. Bí mo ti bá a láàárọ̀ ni mo bá a nírọ̀lẹ́. Níta, àwọn ènìyàn ń kórè, wọ́n ń kọrin, ẹṣin ń gbé àpò ọkà kọjá lẹ́bàá ògiri, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dé etí rẹ̀ láìdé ojú rẹ̀.

“’M’e ’Malineo,” ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, “ṣé ewé igi pópúlà tó wà létí odò ti wọ́?”

“Ó ti pupa rúsúrúsú.”

“Ẹ ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí n rí i.”

Mo dìde, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn. ’Mapaballo wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

“Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Ọmọ ẹ fẹ́ rí igi.”

“Igi ò ní sá lọ. Moselantja, jẹun.”

“Mo yó, Ìyá.”

“Ẹni tó yó kì í bínú. Jẹun.”

“Ìyá, mo fẹ́ rìn. Ká rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan péré. Nọ́ọ̀sì sọ pé kí n máa rìn.”

“Nọ́ọ̀sì sọ pé kó o jẹ elégédé. Èyí rèé.”

“Ó sọ méjèèjì!”

“Ṣé Refiloe ti bímọ rí? Ṣé ó ti sin ọ̀kan rí?” Ohùn rẹ̀ kò ga. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí pé ohùn obìnrin yẹn kì í relẹ̀. “Jẹun, ọmọ mi. Jọ̀ọ́.”

Moselantja jẹ ẹ́. Omijé rẹ̀ ń bọ́ sínú elégédé náà, ó ń jẹ ẹ́. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, mo sì bá ẹsẹ̀ mi tó tutù jáde. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó so ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nítorí ekòló.

Kò pẹ́ tí mo fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Moselantja kò dá mi lóhùn. Ó ń wo òkè ilé. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ wò ó kí ìyá mi tó dé,” ó wí, ó sì ká aṣọ kúrò.

Ẹsẹ̀ òsì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ti ọ̀tún. Ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ara ìkòkò. Nígbà tí mo tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ díẹ̀, ó já aṣọ sẹ́nu kí igbe má baà jí ọmọ.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti àná. Mo fi hàn wọ́n.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n lọ fi kún omi èso ẹ̀gún.”

Lóòótọ́, nígbà tí mo jáde, mo bá ’Mapaballo níwájú iná, ìkòkò mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń hó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì sùn.

“’Mapaballo, ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ìkòkò mọ́.”

“Ó máa wálẹ̀. Ẹ̀wà tàná ò jinná tó ni.”

“Nọ́ọ̀sì ní ká má dúró wo ohunkóhun.”

“Kí n gbé ọmọ tí ò tíì gbó jáde sínú òtútù yìí? ’Malineo, ìwọ lo jókòó tì mí nígbà yẹn. Ìwọ lo mú Paballo lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà lo wá ń sọ èyí fún mi?”

Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ mi, mo sì lọ sódìkejì odò. Orúnkún mi ń ké, mo ń ké lé e lórí. Ọkọ̀ tó máa ń gbé èrò lọ sí ìlú ń gun òkè kọjá lára mi lójú ọ̀nà, mo sì bẹ awakọ̀ pé kó dúró dè wá ní ìsàlẹ̀ abúlé bó bá ń padà bọ̀. Refiloe kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi mú àpò rẹ̀.

Nígbà tí a máa fi dé, oòrùn ti ga. ’Mapaballo rí wa, ó sì lọ dúró lábẹ́ ọ̀pá eèsún náà. Kò bínú sí mi. Ó wò mí bí ẹni wo ẹran tó wọ oko rẹ̀.

“Refiloe, ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ gbóná.”

“’M’e, mo fẹ́ wo ẹsẹ̀ ti inú ilé.”

“Wà á wò ó. Nírọ̀lẹ́, bí tìrẹ bá ti tutù. Mo ń bu oúnjẹ bọ̀ fún ẹ.”

“Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan yẹn. Bó bá já, tó bá lọ sí àyà rẹ̀, kò ní dúró de ìrọ̀lẹ́. ’M’e, kò ní dúró kí ẹ bu oúnjẹ.”

“Mo ti ń fún un ní gbogbo ohun tí o sọ! Gbogbo rẹ̀! Bi ’Malineo. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fún un!”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣe é dáadáa, kò sí ẹni tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò bá rìn máa ń dì. Èso ẹ̀gún kò lè tú u. Oògùn wà ní ọsibítù ìlú. Ọkọ̀ ń dúró ní ìsàlẹ̀.”

“Ọmọ kò ní jáde.”

“Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan wá, nígbà náà.”

“Kí ọmọ mu kí ni? Omi elégédé?”

Refiloe kò lè fipá wọlé. Ọmọ abúlé ni. Bó bá ṣe é, tí nǹkan kan sì ṣe ọmọ náà lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni wọ́n á máa pè títí ayé, kò sì sí abiyamọ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Mo rí i pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó di àpò rẹ̀ mú, èmi náà dúró, ’Mapaballo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè sún síwájú nínú wa.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn ’Mapaballo. Moselantja ti pọ̀n ọmọ rẹ̀, ó ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì dì í títí dé etí. Ọwọ́ kan ló fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó dijú nítorí ìmọ́lẹ̀.

“Padà sínú,” ni ìyá rẹ̀ wí láìwẹ̀yìn.

“Mo ń lọ, Ìyá.”

“Bó o bá gbé e jáde, tó bá kú, wọ́n á sọ pé ẹsẹ̀ rẹ lo fi pa á. O ò mọ̀ bó ti ń rí. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n láéláé.”

“Ìyá, ẹ wẹ̀yìn wò mí.” Kò wẹ̀yìn. “Paballo ti kú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n ni ẹ ti ń ṣọ́ Paballo. Èmi ni mo wà láàyè. Èmi tí mo wà láàyè ni ẹ tì mọ́lé.”

Ó gbé ẹsẹ̀ láti kọjá. Ẹsẹ̀ òsì náà kò gbà á. Ó yẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú lulẹ̀ kí ọmọ má baà bọ́ sábẹ́. Igbe tó ké kì í ṣe igbe ènìyàn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìgbà yẹn ni ’Mapaballo wẹ̀yìn.

Ó wo ẹsẹ̀ náà. Nínú òkùnkùn ilé ló ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá iná ìgbẹ́ màlúù, kò tíì rí wíwú yẹn lójú oòrùn rí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn Moselantja, ó wá sábẹ́ ọ̀pá eèsún, ó sì nà án sí mi.

“Ẹsẹ̀ tìẹ ló máa ń tutù jù,” ló wí. “Bo orí rẹ̀.”

Ó padà, ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀.

“Gun ẹ̀yìn mi.”

“Ìyá, mo ti wúwo jù.”

“Mo ti pọ̀n ọ́ rí. Gun ẹ̀yìn, mo ní!”

Refiloe ló bá wa gbé e sí i lẹ́yìn. ’Mapaballo fi búláńkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó so ó níwájú àyà, ó di ìtan méjèèjì mú, ó sì dìde. Mi ò mọ bó ti ṣe dìde. Ọmọ yẹn ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ tó wú náà sì ń fì níwájú bí ohun tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ó kọjá lábẹ́ ọ̀pá eèsún. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, èmi àti ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, Refiloe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kórè dáwọ́ orin dúró. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. Kò wo ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ohun tó ń tún sọ lábẹ́ èémí bí ẹni ń gbàdúrà: “Bí mo bá lọ, èmi ni. Bí mo bá jókòó, èmi ni. Bí mo bá lọ, èmi ni.”

Mo sunkún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Mo gbé ọmọ náà mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, mo sì ń fetí sí bó ti ń mí.

Ní ọsibítù ìlú, wọ́n gún Moselantja lábẹ́rẹ́ kí a tó jókòó. Dókítà náà ṣì kéré, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì láti ẹran ẹ̀yìn ojúgun dé orúnkún, kò tíì dé òkè, ẹsẹ̀ náà á sàn ṣùgbọ́n á pẹ́, àti pé bó bá jẹ́ ọ̀la ni wọ́n gbé e dé, òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún wa. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?”

Moselantja ló yára dáhùn. Ó dùbúlẹ̀, ọmọ ń mu ọmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ọ̀nà jìn, Dókítà. Òkè la ti ń bọ̀.”

Dókítà mi orí. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ púpọ̀. Ó ti ń lọ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

“Irọ́ ni,” ni ’Mapaballo wí.

Ohùn tó fi ń bá adìyẹ, ewúrẹ́ àti olórí abúlé wí ló fi wí i, gbogbo yàrá sì gbọ́. Àwọn aláìsàn yí ojú padà. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ́ sílẹ̀ ní èjìká.

“Ọ̀nà ò jìn. Ọmọ mi ń parọ́ torí pé ó fẹ́ràn mi. Ó ní kí n jẹ́ kóun rìn, mi ò gbà. Ó fi ẹsẹ̀ hàn mí, mo gbé oúnjẹ fún un. Èmi ni mo dí ẹnu ọ̀nà.”

“Ìyá, ó tó,” ni Moselantja wí.

“Kò tó.” Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó wo ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú, tó wà láàyè, tí imú rẹ̀ gbẹ, tí kò wúkọ́, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo ènìyàn bí mi ò ti rí i kó sunkún rí, títí kan ọjọ́ tí a sin Paballo.